Ayùn Jẹ Ọmọ Méjì

"Mardiyah Gbàdàmọ́sí, dìde!"

Mo dìde, àga mi náà sì fẹ́ bá mi dìde, torí ìṣó kan lára rẹ̀ ti kọ́ mi láṣọ. Kí n tó ṣe nǹkan kan rárá ni kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ mi.

Àǹtí Helen, tíṣà ìṣirò wa, na ìwé ìdánwò mi sókè. Yíǹkì pupa orí ìwé náà pọ̀ débi pé ẹni tó bá rí i láti òkèèrè á rò pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti pa màlúù Iléyá.

"Ka ìbéèrè kejì fún wa," ni wọ́n wí.

Mo kà á. "Rachel àti Micah jọ ní ọsàn méjìdínláàádọ́ta. Ọsàn Rachel jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ọsàn Micah. Ọsàn mélòó ni Micah ní?"

"Ó dáa. Ka ìdáhùn tí o kọ síbẹ̀."

Mo wúkọ́. "Mo kọ ọ́ pé, kí Rachel bẹ̀rù Ọlọ́run, kó fún Micah lára ọsàn ẹ̀, kí ìjà parí."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́: ẹ̀rín ọjọ́ náà ṣí páànù méjì lórí òrùlé, ẹyẹlé tó ń gbé lókè ibẹ̀ kó ẹrù rẹ̀, ó sá lọ sí ìlú Ayépé. Theophilus, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, ń fi ọwọ́ méjèèjì lu tábìlì. Àǹtí Helen nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Mẹ́rin nínú ogójì," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí ẹ ṣe ìdánwò àṣekágbá kíláàsì kẹta girama. Mú ìwé yìí lọ fún bàbá ẹ, kí wọ́n fọwọ́ sí i."

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ má rò pé olódo ni mí o. Bí ẹ bá ní kí n ro méjìdínláàádọ́ta pọ̀ mọ́ mẹ́rìndínlógójì, kí ẹ tó pa ẹnu dé, mo ti dáhùn, mo ti jẹun, mo ti fọ abọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lè sọ ìṣirò di ìtàn báyìí, tí Rachel wọlé, tí Micah tẹ̀lé e, tí ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri nílẹ̀, ọpọlọ mi á ti ìlẹ̀kùn gbàgà bíi ṣọ́ọ̀bù àwọn Àlàájì lákòókò ìrun Jímọ̀. N kò ní mọ̀ bóyá kí n rò ó pọ̀ ni, àbí kí n yọ ọ́, àbí kí n pín in. Èyí tó bá kọ́kọ́ wù mí ni mo máa ń ṣe. Bí kò bá sí èyí tó wù mí, màá fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìṣirò onítàn là ń pe irú rẹ̀, èmi sì ti mọ̀ tipẹ́ pé òun ni yóò gbẹ̀mí mi.

Ẹ̀fẹ̀ kì í sì í wọ́n mi. Èmi ni mo da ìyẹ̀fun pákó sínú ike gàrí Theophilus lọ́jọ́ kan. Ó bu omi sí i, ó sọ ṣúgà sí i, ó mu ún dé ìdajì kó tó béèrè pé irú gàrí Ìjẹ̀bú wo lèyí tí kò kan lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ fún yín: lọ́rọ̀ ìṣirò, aṣọ ni mo fi ẹ̀fẹ̀ ṣe. Ó ń bo ohun tí n kò mọ̀.

Bàbá mi, Gbàdàmọ́sí káfíńtà, ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìjagun. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí ìyá mi kú, láti ìgbà náà ló ti jẹ́ pé àwa méjì la wà. Orí òkìtì ìyẹ̀fun pákó ni mo ti ń sun oorun ọ̀sán, ara bẹ́ńṣì ni mo ti kọ́ A, B, D. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ náà, wọ́n há ìṣó mẹ́ta sẹ́nu, wọ́n ń kan ẹsẹ̀ tábìlì. Mo na ìwé sí wọn. Wọ́n yọ ìṣó lẹ́nu, wọ́n wò ó títí.

"Mẹ́rin," ni wọ́n wí. "Nínú mélòó?"

"Nínú ogójì, Bàbá."

"Háà. Mo ti ń rò pé nínú márùn-ún ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú wọn kò rẹ́rìn-ín.

"Mardiyah, iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ tó o ní o fẹ́ lọ yẹn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti ya pílánù ilé, ṣé wọ́n ń gba ẹni tó féèlì ìṣirò?"

"Wọn kì í gbà á."

"Ìyá Ìmùṣin tún pè mí láàárọ̀ yìí." Àǹtí Ràmọ́tà ni wọ́n ń sọ, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. "Wọ́n ní kí n mú ẹ wá, pé àárín pákó kọ́ ló yẹ kí ọmọbìnrin dàgbà sí. Ọdún méjì ni mo ti fi ń bẹ̀ wọ́n. Ẹnu tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ ti rẹ̀ mí. Tó o bá féèlì ìdánwò yìí, Ìmùṣin ni wàá lọ. Ibẹ̀ ni wàá ti tún kíláàsì kẹta ṣe, wàá sì máa bá wọn bó ẹ̀gẹ́."

Ìmùṣin kò burú, àti pé Àǹtí Ràmọ́tà fẹ́ràn mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn lè lé àkùkọ wọ inú kànga. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, ta ni yóò máa di orí kejì pákó mú fún bàbá mi? Ta ni yóò sì ya ilé tí mo ti ń yà nínú orí mi láti ìgbà tí mo ti mọ ojú fèrèsé yàtọ̀ sí ẹnu ọ̀nà? Omi gbóná kan gbà mí lójú. Mo fi ìyẹ̀fun pákó ṣe àwáwí.

"Ka ìbéèrè tó pa ọ́ yẹn fún mi," ni bàbá mi wí. Kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìwé wọn mọ. Mo ka ti Rachel àti Micah fún wọn. Wọ́n yọ pẹ́ńsù létí, wọ́n fa pákó àlòkù kan mọ́ra.

"Nínú àwọn méjèèjì, ọsàn ta ló kéré?"

"Ti Micah."

Wọ́n ya àpótí gbọọrọ kan sórí pákó, bí ìgbà téèyàn ya igi kékeré kan. "Micah rèé. Rachel ńkọ́?"

"Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ni."

"Ìwọ yà á."

Mo ya mẹ́ta tó dọ́gba pẹ̀lú ti Micah, mo tò wọ́n síra wọn nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Igi mélòó ló wà níwájú ẹ?"

"Mẹ́rin."

"Wọ́n dọ́gba?"

"Wọ́n dọ́gba."

"Gbogbo ọsàn wọn ńkọ́?"

"Méjìdínláàádọ́ta."

Bàbá mi dá ìṣó padà sẹ́nu, wọ́n mú òòlù, wọ́n yíjú sí tábìlì wọn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró. Mo wo igi mẹ́rin. Igi mẹ́rin wò mí. Lójijì ni nǹkan kan là lórí mi bí ìgbà tí NEPA mú iná dé.

"Méjìlá! Bàbá, méjìlá ni! Micah ní méjìlá, Rachel ní mẹ́rìndínlógójì!"

Igbe tí mo ké kò kéré. Ọlọ́kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gọ́tà, wọ́n sì ní àwọn tó wà ní Ìjagun bojú wo ojú ọ̀run pé bóyá òjò ni.

"Ta ló kọ́ yín nírú èyí?" ni mo bi wọ́n.

"Pákó ni. Pákó wọ́n, ọmọ mi. Tó o bá gé e kó o tó yà á, omijé lo máa fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbéra. Mo pinnu pé bí ìṣirò onítàn bá jẹ́ ìrókò, èmi ni yóò bẹ́ ẹ lulẹ̀, bí n kò tiẹ̀ ní ju abẹ lọ́wọ́. Mo tọrọ ìwé ìbéèrè àtijọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Helen. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ pé irú ẹ̀fẹ̀ wo ló tún kù, àmọ́ wọ́n fún mi. Mo ya igi sórí pákó. Mo yà á sára ògiri. Mo fi ìka yà á sórí iyanrìn nígbà tí mo ń dúró de omi kànga. Ewúrẹ́ aládùúgbò kan tó sùn jẹ́ẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù jí, ó rí i pé mo ti fi ṣọ́ọ̀kì pín ẹ̀gbẹ́ òun sí ìdá márùn-ún. Lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, ìbéèrè méjì nínú mẹ́wàá ni mo ń gbà. Lọ́sẹ̀ kejì, márùn-ún. Ìka mi dúdú fún pẹ́ńsù. Theophilus ní mo ti di wèrè, mo ní kó lọ mu gàrí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá mi gbé iṣẹ́ gidi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n gé pákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjìlá sí mẹ́rin tó dọ́gba. Ìyẹn ò ṣòro! Mo yà á, mẹ́ta mẹ́ta, mo gbé ayùn. Nígbà tí mo tò wọ́n, ìkẹrin kúrú. Bíńtín ni, àmọ́ ó kúrú.

Bàbá mi tọ́ka sí ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀. "Ibo lo rò pé èyí ti wá? Ayùn jẹun. Gbogbo ibi tó bá gbà kọjá ló ti máa mú tiẹ̀. Kọ́kọ́ yọ oúnjẹ ayùn sọ́tọ̀ kó o tó pín. Ṣó o gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo gbọ́ ọ débi pé mo fi há etí. Gbogbo àṣírí tí káfíńtà ń lò ti wà lọ́wọ́ mi báyìí, ìṣirò gbé!

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àǹtí Helen fún wa ní ìdánwò ránpẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ báyìí: "Ọmọ ọgọ́ta ló wà nínú kíláàsì kan. Iye ọmọbìnrin jẹ́ ìlọ́po méjì iye ọmọkùnrin. Ọmọkùnrin mélòó ló wà níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ya igi kan fún àwọn ọmọkùnrin, méjì fún àwọn ọmọbìnrin. Igi mẹ́ta nínú ọgọ́ta. Ọwọ́ mi ti fẹ́ kọ ogún sílẹ̀ nígbà tí mo rántí. Háà! Oúnjẹ ayùn! Kí pákó kan tó di mẹ́ta, ayùn gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Mo yọ ọ̀kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ó ku méjìdínlọ́gọ́ta. Mo pín in sí mẹ́ta, mo sì fi ìgboyà kọ ìdáhùn mi gàdàgbà: ọmọkùnrin mọ́kàndínlógún àti ìdámẹ́ta ọmọkùnrin kan.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Helen dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ìwé mi lọ́wọ́ wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ètè wọn ń gbọ̀n.

"Mardiyah, ọgọ́ta ọmọ ni mo kó fún ẹ. Ìwọ pín méjìdínlọ́gọ́ta. Ta ló pa ọmọ méjì?"

"Ayùn ni, mà."

"Kí ni?"

"Ayùn ló jẹ wọ́n, mà."

Ẹ gbàgbé ẹ̀rín ọjọ́sí. Ti ọjọ́ yìí, àwọn kan ṣubú lórí àga. Theophilus gbé ọwọ́ sókè bí ọmọlúàbí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìdámẹ́ta ọmọkùnrin tó kù yẹn, ṣé orí ni àbí ẹsẹ̀?"

Títí ilẹ̀ fi ṣú ni wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Ayùn. Èmi tí mo máa ń fi gbogbo ayé ṣẹ̀fẹ̀, èmi ni wọ́n wá fi ń ṣẹ̀fẹ̀ yìí, mo sì rí i pé ó ń dunni. Ìyàtọ̀ wà nínú ọjọ́ méjèèjì. Lọ́jọ́sí, mi ò gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sa gbogbo agbára mi.

Nígbà tí wọ́n lu aago ìparí, Àǹtí Helen ní kí n dúró.

"Fi àwòrán ẹ hàn mí." Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n fi ìka tọ ọ́ láti igi dé igi. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni, mà. Káfíńtà ni wọ́n."

"Ọmọ méjìlélógójì ló wà ní kíláàsì yìí. Ìwọ nìkan lo ya ìtàn náà kó o tó fọwọ́ kan iye kankan. Àwòrán ẹ pé, Mardiyah. Ohun tí kò sí nínú ìtàn lo gbé wọ inú ẹ̀. Lọ ju ayùn yẹn nù, kó o padà wá."

Mo délé, mo ròyìn fún bàbá mi. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ìṣó jábọ́ lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀. "Mo kọ́ ẹ ní pákó, mo gbàgbé láti sọ fún ẹ pé gbogbo nǹkan kọ́ ni pákó. Láti òní lọ, kó o tó gbé pẹ́ńsù, ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, kí o mọ ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kí o mọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ni kó o yà."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kíkà ẹ̀ẹ̀mejì, yíyà ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó ku ọjọ́ kan ṣoṣo, méje ni mo ń gbà nínú mẹ́wàá, nígbà mìíràn mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá lọ mú mẹ́ta tí n kò mọ̀ ńkọ́?

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Theophilus fà mí lọ sẹ́yìn táǹkì omi iléèwé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ bébà kan tó ti ká sí wẹ́wẹ́.

"Ìbéèrè ìṣirò ọ̀la nìyí, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, gbogbo ìdáhùn ló wà níbẹ̀. Lórí fóònù ẹnì kan ni mo ti dà á kọ. Àwa méje la ní in. Ìwọ ni ìkẹjọ, torí pé ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́."

"Theo, tí wọ́n bá mú wa ńkọ́?"

"Ta ni yóò mú wa? Àbí Ìmùṣin ló wù ẹ́? Ìyá Ayùn, ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀ tó o lè fi ayùn gé o!"

Kí n má purọ́ fún yín. Mo gbà á. Mo fi há abẹ́ híjáàbù mi, ó sì wúwo lára mi bí àpò sìmẹ́ǹtì láti iléèwé títí dé ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá mi ń yọ́ gọ́ọ̀mù igi lórí iná lẹ́yìnkùlé. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo tú bébà náà. Ìbéèrè kẹrin ni mo kọ́kọ́ rí: "Helen ka ìdá méjì nínú márùn-ún ìwé kan lọ́jọ́ Ajé. Ó ka ojú ìwé ọgbọ̀n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wá ku ojú ìwé méjìlélógójì. Ojú ìwé mélòó ni ìwé náà ní?" Wọ́n kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀: ojú ìwé ọgọ́sàn-án.

N kò mọ ohun tó ṣe ọwọ́ mi. Ó kàn ti mú pẹ́ńsù ni, bí ọwọ́ ẹni tó ti mọ́ lára. Mo ya igi márùn-ún. Mo kun méjì fún ọjọ́ Ajé. Mẹ́ta tó kù ní láti gba ọgbọ̀n àti méjìlélógójì, ìyẹn méjìléláàádọ́rin. Igi kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Igi márùn-ún jẹ́ ọgọ́fà.

Ọgọ́fà! Bébà ní ọgọ́sàn-án.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé èmi ni mo ṣì í. Ta ni mí? Èmi tí ayùn mi jẹ ọmọ méjì! Mo tún ìtàn náà kà lẹ́ẹ̀mejì. N kò rí ayùn níbẹ̀. Mo wá yí i padà: bí ìwé náà bá jẹ́ ọgọ́sàn-án lóòótọ́, ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ méjìléláàádọ́rin, ó ku méjìdínláàádọ́fà. Yọ ọgbọ̀n, ó ku méjìdínlọ́gọ́rin. Ìbéèrè sì ní méjìlélógójì ló kù. Bébà ló purọ́. Èmi ni mo gbà á!

Inú mi dùn, àmọ́ èṣù kì í sùn. Ó ní, "Mardiyah, ìyẹn dáa. Tún ọ̀kan yẹn ṣe, kó o mú mẹ́sàn-án tó kù wọlé. Ìwọ gan-an lo máa gba máàkì jù." Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́. Mẹ́sàn-án! Ojú Àǹtí Ràmọ́tà ń yọ sí mi, òkìtì ẹ̀gẹ́ tó ga bí òkè Olúmọ ń yọ sí mi. Lẹ́yìn náà ni mo wo igi márùn-ún tí mo yà. Tí mo bá mú bébà yìí wọlé, tí mo sì yege, títí láé ni n kò ní mọ̀ bóyá èmi ni mo yege tàbí bébà. Iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ yóò gbé pẹ́ńsù lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ta ni yóò wá bá mi da ti ibẹ̀ kọ?

Mo dìde, mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo sọ bébà náà sínú iná gọ́ọ̀mù.

"Kí lo dáná sun yẹn?" ni bàbá mi béèrè.

"Irọ́ ni, Bàbá."

Wọ́n wò mí, wọn kò bi mí ní ìbéèrè kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo bá Theophilus lẹ́nu ọ̀nà. "Theo, bébà yẹn ò dáa. Mo ya ìkẹrin, ó ṣì í. Jọ̀ọ́, jù ú nù."

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o fi ayùn pa ọmọ méjì lo fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò?" Ó wọlé lọ.

Wọ́n pín ìbéèrè. Mo ṣí i, àyà mi fò sókè, ó kan òrùlé, ó padà. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ tó jọ ti bébà. Ẹni tó tà á fún wọn ló jókòó sí yàrá rẹ̀, tó hun gbogbo rẹ̀ látinú orí. Ìkẹrin tiwa nìyí: "Albert rin ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ìrìnàjò rẹ̀, ó sì dúró sinmi. Lẹ́yìn ìsinmi, ó rin kìlómítà ogójì. Ó wá ku kìlómítà márùndínlọ́gbọ̀n. Kìlómítà mélòó ni gbogbo ìrìnàjò náà?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òógùn ń bọ́ sórí ìwé. Mo ya igi mẹ́jọ, mo kun mẹ́ta. Márùn-ún ló kù, ogójì àti márùndínlọ́gbọ̀n ló sì wà nínú wọn, ìyẹn márùnlélọ́gọ́ta. Igi kọ̀ọ̀kan, mẹ́tàlá. Igi mẹ́jọ, mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Mo yí i padà, mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó dúró gbọin bí àpótí tí bàbá mi kàn. Ìbéèrè méjì wà tí mo yà títí tí n kò rí ojú wọn. Mo fi àwòrán mi sílẹ̀ níbẹ̀. N kò kọ ẹ̀fẹ̀ kankan.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, Àǹtí Ràmọ́tà ti dé láti Ìmùṣin láti òwúrọ̀. Wọ́n mú àpò ńlá kan tó ṣófo dání. Ẹrù mi ni wọ́n fẹ́ kó sínú rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń bá bàbá mi jà nítorí ìyẹ̀fun pákó tó kún inú ọbẹ̀. Mo wọlé, ìwé èsì lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀.

"Mélòó?" ni bàbá mi béèrè. Òòlù dúró lókè lọ́wọ́ wọn.

"Méjìdínláàádọ́rin."

"Nínú mélòó?"

"Nínú ọgọ́rùn-ún, Bàbá! Mo yege! Wọ́n á gbà mí!"

Bàbá mi gbé òòlù kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun kalẹ̀, wọ́n sì yíjú sí ògiri. Àǹtí Ràmọ́tà ló pariwo.

"Alhamdulillah! Ọmọ àbúrò mi!" Wọ́n gbá mi mọ́ra títí egungun mi fi dún. Wọ́n tún tì mí sẹ́yìn, wọ́n wò mí. "Ta ni yóò wá bá mi bó ẹ̀gẹ́ báyìí? Gbàdàmọ́sí, ìwọ ni kó o múra. Ó yá, wọ inú àpò."

Inú mi ìbá dùn délẹ̀ ká ní ti Theophilus kò rí bó ṣe rí. Àwọn méje tí wọ́n mú bébà wọlé kò tiẹ̀ ka ìbéèrè. Wọ́n kàn da ìdáhùn kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni. Àwọn méjèèje ló kọ ọ́ pé gbogbo ìrìnàjò Albert jẹ́ ojú ìwé ọgọ́sàn-án. Wọ́n fagi lé ìṣirò wọn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Theophilus wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó dúró níta, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Mo ní ẹgbàá ẹ̀fẹ̀ tí mo lè fi pa á síbẹ̀, gbogbo wọn ń jà lẹ́nu mi pé àwọn ni yóò kọ́kọ́ jáde. Mo gbé wọn mì.

"Mardiyah, o sọ fún mi, n kò gbọ́."

"Èmi náà gbà á lọ́wọ́ ẹ, Theo. Díẹ̀ báyìí ló kù kí n wà níbi tó o wà."

"Ṣé ó le, nǹkan tó o máa ń yà yẹn?"

"Ó le. Wàá ṣì í. Èmi ṣì í títí mo fi pààyàn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo sún fún un lórí bẹ́ńṣì, ó jókòó.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà nílé ìwé, ẹ gbọ́ o. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣòro fún yín, ẹ má fi ẹ̀rín bò ó, ẹ má sì tọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ yà á, kí ẹ lè rí i, kí ẹ sì máa yà á lọ títí yóò fi yé yín. Ẹ lè ṣì í, èmi náà ṣì í níṣojú gbogbo kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó mọ ibi tó ti wọlé, ó sì lè lọ bá a níbẹ̀ kó tún un ṣe. Ìdáhùn tí a jí kò ní àtúnṣe, torí ẹni tó gbé e dání kò mọ ibi tó ti wá.